Àtẹ́wọ́ Ọ̀sán Ọjọ́ Kan ní Iléṣà

Ìgbátí ni bàbá tó bí bàbá mi fi kí mi káàbọ̀ sídìí iṣẹ́ eré orí ìtàgé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Wọ́n ní kí n dúró sí àárín àgbàlá ilé wa ní Òṣogbo, kí n wo àwọn lójú, kí n má sì ṣẹ́jú. Ọwọ́ wọn gbéra bí ìgbà tí ẹ̀ka ìrókò fẹ́ wó luni, ìró rẹ̀ sì dún dé ìta, débi pé ìyá arúgbó kan tó ń kọjá lọ figbe ta: "Sùnmọ́nù! Ṣé o fẹ́ pa ọmọ náà ni?" Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò gbóná rárá. Àtẹ́lẹwọ́ ara wọn kejì ni wọ́n gbá lẹ́bàá etí mi, kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè tọpa rẹ̀. Wọ́n ní ká tún un ṣe, kí n ṣubú kí ọwọ́ tó dé. Mo pẹ́ díẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí bà mí, eyín gé mi ní ètè, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn dé àgbọ̀n. Bàbá fi etí aṣọ wọn nù ún, wọ́n ní: "Ìyà tí a bá mọ̀ ọ́n ṣe kì í dun ẹnikẹ́ni, Àbẹ̀kẹ́. Èyí tí a kò mọ̀ ọ́n ṣe ló ń fa ẹ̀jẹ̀."

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí a ti sin wọ́n. N kò gbèrò láti ka ọjọ́ ìbí wọn àti gbogbo ìlú tí wọ́n dé, nítorí ìyẹn kọ́ ni ẹnikẹ́ni ń bi mí. Ohun tó gbé kálámù lé mi lọ́wọ́ ni fóònù tí ọmọ ọmọ mi gbé wá bá mi láìpẹ́ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló ń ṣe ìrántí àwọn eléré ilẹ̀ wa tó ti lọ tipẹ́, àwọn tó pa wá lẹ́rìn-ín àti àwọn tó dẹ́rù bà wá. Wọ́n dárúkọ Baba Ọ̀dájú, orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ bàbá mi àgbà. Mo yọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tí ẹnìkan kọ sábẹ́ rẹ̀: "Kìnnìún lórí ìtàgé, ojo nílẹ̀. Wọ́n lù ú ní Iléṣà bí ẹni lu bàrà, kò lè gbọ́wọ́ sókè." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rẹ́rìn-ín sí i.

Ọmọ ọmọ mi wò mí lójú. "Màmá àgbà, ṣé òótọ́ ni?"

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí n bá fi fọ orúkọ bàbá mi mọ́ sì ni ọ̀rọ̀ tí mo ṣèlérí fún wọn pé n kò ní sọ láéláé.

Ọ̀dájú ni orúkọ ọba kan nínú eré wọn tó gbajúmọ̀ jù lọ. Ọba náà ń fi agbára gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ń lù wọ́n, ó ń jó abà wọn níná. Bàbá, tí ó jẹ́ télọ̀ nínú ìdílé ìmàle tó ń rán fìlà ní ìgboro àtijọ́ Òṣogbo, tí kì í pa ìrun jẹ, ni ó ń ṣe ọba yìí. Bí wọ́n bá ti gun orí ìtàgé, n kì í mọ̀ wọ́n mọ́. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó fi ojú pamọ́ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀.

Idà gidi ni wọ́n ń lò, kì í ṣe pátákó tí a kùn. Ẹlòmíràn a máa fi òkúta pọ́n idà kí ó lè mú. Bàbá a máa fi òkúta rin ojú rẹ̀ kí ó lè kúmú. Ní gbogbo ọjọ́ tí a bá fẹ́ ṣeré, bí wọ́n bá ti kí ìrun Àílà tán, wọn a jókòó ti òkúta yẹn, wọn a sì máa rin ín títí òógùn yóò fi bò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò pe gbogbo wa jọ, wọn yóò ká apá agbádá òsì, wọn yóò sì wọ́ idà náà kọjá lára apá ara wọn lójú wa. Bí ó bá gé wọn, wọn a pa dà sídìí òkúta. Àpá tóóró tóóró kún ibẹ̀ bí ìlà tí ọmọdé fà sára ògiri.

Láyí ló máa ń ṣe àgbẹ̀ akọni tó ń ṣẹ́gun ọba níkẹyìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó rẹwà ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó rojú: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi igi ṣe é, ká sinmi wàhálà. Ta ló máa mọ̀?"

"Etí wọn ló máa mọ̀," ni Bàbá dáhùn. "Irin ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá fi irin ṣeré, ara tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bi léèrè."

Ẹ̀jẹ̀ eré náà ní ìlànà tirẹ̀. Àpò ìtọ̀ ewúrẹ́ ni a ń fọ̀ mọ́ tónítóní, tí a ó wá rọ osùn tí a pò mọ́ oyin sínú rẹ̀. Èmi, tí mò ń ṣe ọmọbìnrin ọba, ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Mo máa ń so ó mọ́ ìdí mi lábẹ́ ìró, tí eré bá sì kù díẹ̀ kó parí, n ó dì mọ́ bàbá mi bí ẹni ń sunkún, n ó sì tì í bọ abẹ́ agbádá funfun wọn. Bí idà Láyí bá ti kàn án, á bẹ́, gbogbo gbọ̀ngán á sì hó gèè.

Wọ́n kórìíra ọba yìí tọkàntọkàn, ìkórìíra náà sì máa ń tẹ̀ lé Bàbá kúrò lórí ìtàgé. Ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, lọ́rì wa dúró lẹ́bàá títì kí a ra bọ̀ọ̀lì. Obìnrin kan tó ń ta obì gbójú sókè, ó ní, "Yéè! Ọ̀dájú rèé! Òun ló lu àwọn àgbẹ̀!" Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òkúta ti ń fò. Obìnrin obì náà gùn ún wọ inú lọ́rì, ó gé Bàbá jẹ ní apá, eyín rẹ̀ sì wọlé. Dípò kí wọ́n bẹ̀bẹ̀, bàbá mi bú sẹ́rìn-ín ìkà tí wọ́n máa ń rín lórí ìtẹ́, wọ́n ní, "Gbogbo oko yín ni n ó gbà!" Òkúta wá di òjò. Dírẹ́bà sá eré àsápajúdé. Nígbà tí a jìnnà, ẹ̀jẹ̀ ń kán lórí bàbá mi, wọ́n sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gba òkúta kan mọ́ra. Mo fẹ́ gbà á jù nù. "Má dán an wò," ni wọ́n wí. "Ìwé ẹ̀rí mi nìyẹn."

Ẹnìkan ṣoṣo ni Bàbá ń bẹ̀rù, ìyẹn ni ìyá àgbà, ìyàwó wọn. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti Ìwàrà ni wọ́n, nítorí náà ni Òṣogbo ṣe ń pè wọ́n ní Ìyá Ìwàrà. Àwọn ni olórí akọrin wa, ohùn wọn sì lè la ògiri. Ìjà wọn kì í tán lórí odó, torí pé odó ìyá àgbà ni Bàbá máa ń dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n ń fi àrán bò, tí wọ́n sì ń fi ṣe ìtẹ́ ọba. Lọ́jọ́ tí àlejò wá láti Ìwàrà tí kò sí odó tí a ó fi gúnyán, Ìyá Ìwàrà gbé ọmọ odó, wọ́n ń lé Bàbá yí kànga àgbàlá po.

"Baba Ráfíù! Odó mi lẹ tún jókòó lé! Kí ni n ó fi gún uyán fún ará ulé mi? Ṣé orí yín ni?"

"Ìyá Ráfíù, ẹ ní sùúrù, ẹ ní sùúrù!"

"Ẹ dúró ká jọ ní in!"

Ọmọ odó náà bà wọ́n léjìká, Bàbá sì kígbe tòótọ́. Gbogbo agbo ilé jáde, wọ́n ń hó: "Kábíyèsí ń sá o! Ọ̀dájú ti dé ọwọ́ olówó rẹ̀!" Ẹnìkan ní kí Ìyá Ìwàrà ṣàánú. Ìyá Ìwàrà gbé ọmọ odó sọ́rùn, wọ́n ní: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sá. Gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù wọn. Ó yẹ kí ẹnìkan wà tí àwọn náà ń bẹ̀rù."

N kò ní purọ́ pé Bàbá kì í lu ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i tí wọ́n lu ẹnìkan tinútinú, Láyí sì ni. Nínú eré kan, ọmọdékùnrin ẹlẹgbẹ́ wa kan ti ṣubú bí ó ti yẹ, Láyí sì fi bàtà gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn òǹwòran lè túbọ̀ hó. Egungun ìhà ọmọ náà ya. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé, Bàbá fún Láyí ní ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Eyín Láyí méjì bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi bí èkùrọ́. Ó wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń wo Bàbá pẹ̀lú ojú tí n kò lè gbàgbé. Bàbá na ọwọ́ sí i kí ó dìde, ó kọ̀. Wọ́n ní: "Ẹni tó bá ti wà nílẹ̀ ti jáde nínú ìjà. Má ṣe jẹ́ kí n tún un sọ."

Mo wá dé Iléṣà báyìí, ibi tí mo ti ń yẹra fún láti ọjọ́ yìí wá.

Sáà kan ni tí àwọn òṣèlú ń fi ọmọ ẹlòmíràn jagun ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní agbègbè Iléṣà ti gba oko kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó sì gbọ́ pé a ń bọ̀ wá ṣe eré ọba tó ń gba oko. Ọjọ́ kejì ni a ó ṣeré nígbà tí ọkùnrin méjì wá sí ibi tí a wọ̀ sí. Wọ́n ní kí a di ẹrù wa. Bàbá ní: "Èmi kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí eré mi bá ń ta lára, òun ni kó dìde dárúkọ ara rẹ̀." Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà tutọ́ sílẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló kún gbọ̀ngán náà, pẹ̀lú olùkọ́ díẹ̀ àti àwọn ìyá mélòó kan. Irin ni wọ́n fi dí fèrèsé rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, iwájú àti ẹ̀yìn. Bàbá kórìíra àwọn tó máa ń yọ́ gba ẹ̀yìn wọlé wòran lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ìlànà wọn ni pé ní ìlú gbogbo, àwọn fúnra wọn ni yóò fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí wọn yóò to àpótí aṣọ eré mẹ́rin dí i, tí wọn yóò sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ìlànà kejì tún wà. Àwọn àgbẹ̀ tó ń wá ṣẹ́gun ọba kì í gba ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé wọlé. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni Láyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà wọlé pẹ̀lú kùmọ̀, wọn a la àárín òǹwòran kọjá, àwọn ọmọdé a sì máa fò sókè. Gbogbo ẹni tó bá ti gbúròó eré náà ló ń dúró de ìgbà yẹn.

A kò tíì dé ibẹ̀. Bàbá wà lórí odó Ìyá Ìwàrà, idà wà lọ́wọ́ wọn, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mò ń bẹ̀ wọ́n nítorí àwọn àgbẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí gbàgà. Ọkùnrin méje ló wọlé, pẹ̀lú kùmọ̀ àti ọ̀pá irin. Ọ̀kan dúró ti ẹnu ọ̀nà, ó na kùmọ̀ rẹ̀ dí i. N kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Láyí àti àwọn yòókù, tí ó yẹ kí wọ́n wà ní ìta níbẹ̀, ti rí wọn lókèèrè, wọ́n sì ti gba inú igbó lọ.

Gbogbo gbọ̀ngán hó. "Àwọn àgbẹ̀ ti dé! Àwọn àgbẹ̀ ti dé!"

Aṣáájú wọn, gìrìpá ọkùnrin pupa kan, fò gun ìtàgé. "Ta lẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílùú yìí?" Kùmọ̀ rẹ̀ ba bàbá mi léjìká, Bàbá sì já lulẹ̀ láti orí odó. Àtẹ́wọ́ sán bí ààrá. Ọ̀pá irin tẹ̀ lé e. Mo rí i tí funfun agbádá náà pọ́n láti orí dé àyà. Mo fi ọwọ́ kan ìdí mi. Àpò osùn wà níbẹ̀ gbáko, kò tíì bẹ́.

Bàbá dìde pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Mo mọ ohun tí ọwọ́ yẹn lè ṣe. Kúmú tàbí kò kúmú, irin ni irin. Wọ́n gbé e sókè. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà náà sún sẹ́yìn. Ìgbà náà ni Bàbá wo iwájú, wọ́n rí kùmọ̀ tó dí ilẹ̀kùn. Wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n rí àpótí mẹ́rin. Wọ́n sì wo àwọn ọmọ tó kún orí bẹ́ǹṣì bí ẹyẹ ẹ̀gà orí ọ̀pẹ. Mo rí i tí apá wọn rọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ mi!" Ohùn ọba ni, ohùn ìkà náà gan-an. "Ṣé ẹ ti dé láti gbẹ̀san?"

Gìrìpá náà yanu. "Àgbẹ̀ wo? Bàbá, ẹ gbé idà yín ká jà!"

"Ẹ gbé idà yín ká jà!" ni àwọn ọmọ tún un sọ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Wọ́n tún lu Bàbá wó sórí eékún. Níbẹ̀ ni Bàbá ti já okùn ọrùn wọn, tí wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ lé mi láyà, tí wọ́n sì gbé orin kan tí kò sí nínú eré wa rí:

Ọmọ ọba, gba kọ́kọ́rọ́,
Ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi;
Kí ará ààfin tò lẹ́sẹẹsẹ,
Kí ọmọdé ṣáájú àgbà;
Ẹni tó bá sáré, kì í ṣọmọ mi.

Ní igun ìtàgé, Ìyá Ìwàrà ń wo bí wọ́n ti ń lu ọkọ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n la ẹnu, ohùn tó lè la ògiri yẹn sì jáde: "Ẹ tò, ẹ tò, ẹ tò!" Wọ́n ń jó bọ́ sílẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ, wọ́n mú àkọ́kọ́ lọ́wọ́, àwọn olùkọ́ sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń to àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Èmi wà lẹ́yìn, mò ń ti àpótí. Èékánná mi mẹ́ta ló ṣí, n kò mọ̀ ọ́n lára. Àgádágodo náà kọ́kọ́ kọ̀, ó sì gbà níkẹyìn. Àwọn ọmọ jáde sínú oòrùn pẹ̀lú ijó, ẹnìkan kò sáré, nítorí ọba ti ní ẹni tó bá sáré kì í ṣọmọ òun.

Gbogbo àkókò yìí, mò ń gbọ́ ìró kùmọ̀ lára ẹran ara, mo sì ń gbọ́ Bàbá tí wọ́n ń kọrin. Gìrìpá náà gba idà lọ́wọ́ wọn, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣá wọn lọ́rùn. Ká ní idà tó mú ni, orí ìbá ti bọ́ sílẹ̀. Èyí tí Bàbá fi òkúta rin lọ́sàn-án ọjọ́ náà ṣẹ́ eegun èjìká wọn, ó yọ̀ gòkè, ó sì fọ́ ojú òsì wọn. Orin náà di ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Ọmọbìnrin kékeré kan ló kù lórí bẹ́ǹṣì iwájú tí ó kọ̀ láti lọ. Ìyá Ìwàrà pa dà wá, wọ́n gbé e kọ́ èjìká. Bí wọ́n ti ń gbé e jáde, ó kọjú sí ẹ̀yìn, ó ń wo ọba, ó sì ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìró àtẹ́wọ́ yẹn jìnnà ni orin bàbá mi tó dákẹ́.

Gìrìpá náà bojú wẹ̀yìn, ó rí bẹ́ǹṣì òfìfo. Ó ju idà náà sílẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn ní ọsibítù, mo bú bàbá mi. Mo sọ ọ́ kòrókòró: "Idà wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì kúnlẹ̀. Ojo ni yín."

Ojú kan tó ṣẹ́kù fún wọn wò mí. "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?"

Wọ́n fi ọwọ́ kan ọrùn wọn, níbi tí okùn kọ́kọ́rọ́ ti máa ń wà.

"Èmi ni. Bí mo bá jà, àwọn ọmọ yóò mọ̀ pé ìjà ni, wọn yóò sáré, wọn yóò sì tẹ ara wọn pa níbẹ̀. Ọmọ tó bá kú síbẹ̀, kì í ṣe jàǹdùkú ló pa á. Èmi ni mo pa á."

Mo sunkún títí. Mo ní a ó sọ fún gbogbo ayé. Ìgbà yẹn ni Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú, tí wọ́n fi mí búra. Wọ́n ní: "Ọmọdé tó bá mọ̀ pé òun pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń fọ́ ojú àgbàlagbà, kò ní lè pàtẹ́wọ́ mọ́ láyé rẹ̀. Jẹ́ kó máa jẹ́ eré fún wọn."

Láyí kò búra fún ẹnikẹ́ni. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbẹ̀san eyín rẹ̀ méjì tó sọnù: ó ṣe eré ẹ̀fẹ̀ kan nípa ọba olójú kan tó ń wárìrì, tí àwọn ènìyàn ń lù kiri. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ojo nílẹ̀" ti ṣẹ̀. Nígbà tí ó gbé e wá sí Òṣogbo, Bàbá ní kí n mú àwọn lọ. Iwájú pátápátá ni wọ́n jókòó. Nígbà tí ọba olójú kan náà ṣubú, tí gbogbo ènìyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo Bàbá, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n tẹ̀ sí mi létí: "Ó ṣubú dáadáa. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀."

Mo ti pa ìlérí náà mọ́ títí irun mi fi funfun. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn, n kò lè sùn mọ́. Orúkọ bàbá mi wà lọ́wọ́ kan, ẹ̀jẹ́ wọn sì wà lọ́wọ́ kejì, n kò rí èyí tí n ó jù sílẹ̀. Àfi ìgbà tí obìnrin kan wá láti Iléṣà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ ọmọ mi ló ti fèsì lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà pé ìyá òun àgbà wà níbẹ̀. Ìyẹn ni obìnrin náà fi tọ̀ mí wá. Ó fi bí ọdún mẹ́sàn-án kéré sí mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó sì mu omi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wà ní gbọ̀ngán yẹn," ni ó wí. "Èmi ni màmá kan gbé léjìká jáde. N kò rí eré tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo wá bi yín. Báwo lẹ ṣe ṣe ẹ̀jẹ̀ yẹn?"

Èsì náà ti mọ́ ẹnu mi lára. "Osùn ni, àbúrò mi. A pò ó mọ́ oyin."

Ó mi orí. "Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Osùn kì í dúdú lára aṣọ kí orin kan tó parí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo kàn ń fẹ́ kí ẹnìkan sọ ọ́ fún mi kí n tó kú."

Mo wá sọ ọ́ fún un, láti orí ilẹ̀kùn tí a tì dé orí idà tí a rin. Bí mo ti ń sọ ọ́, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni rí àbàwọ́n lára wọn, ó sì rọra kì wọ́n sábẹ́ ìborùn rẹ̀. Mo rí i pé ohun tí bàbá mi bẹ̀rù ti dé tipẹ́, pé nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ni obìnrin yìí ti dá rù ú. Nítorí náà ni mo ṣe sọ èyí tó kẹ́yìn fún un, èyí tí Bàbá sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú, tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí: "Àbẹ̀kẹ́, ó kù díẹ̀ kí n dákú lọ́jọ́ yẹn kí àwọn ọmọ tó jáde tán. Àtẹ́wọ́ wọn ni mo dì mú."

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yọ jáde lábẹ́ ìborùn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ṣé wọ́n gbọ́ tèmi?"

Mo ní: "Wọ́n gbọ́ ọ. Ìwọ lo pàtẹ́wọ́ kẹ́yìn, wọn ò sì dákẹ́ orin títí o fi jáde."